Inṣọ́ránsì general liability fún àwọn oníṣòwò wa ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Alásè, onídìrí, aránṣọ, ẹni tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, ẹni tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́: bí ẹ bá ń ṣòwò ní Houston, Atlanta, Maryland tàbí ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi bi yín bóyá ẹ ní general liability. GL la ó máa pè é níbí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin inṣọ́ránsì tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń fi ewé tirẹ̀ kún ìwé. Síbẹ̀, orí fọ́ọ̀mù kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé GL dúró lé, èyí tí wọ́n ń pè ní CG 00 01, tí ISO (Insurance Services Office, àjọ tó ń kọ fọ́ọ̀mù fún àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì) kọ. Òun la fi dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Kí ni GL ń sanwó fún gan-an?

Ìpalára tí iṣẹ́ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn, bí òfin bá ní ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹni tó farapa, tàbí tí dúkìá rẹ̀ bàjẹ́, lowó náà ń lọ bá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn: iná jó ṣọ́ọ̀bù, olè kó fíríjì lọ, oníṣọ́ọ̀bù wá ń wá owó lọ sọ́dọ̀ GL. Inṣọ́ránsì dúkìá ló ń sanwó fún ìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Coverage A ni ti ìfarapa àti dúkìá ẹlòmíràn: oníbàárà yọ̀ ṣubú lórí omi tó dà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ yín gbé kúlà oúnjẹ kọlu tẹlifíṣọ̀n ara ògiri nílé ẹni tó ń ṣe ìkómọ. Coverage B ni ti orúkọ àti ẹ̀tọ́ ẹni: ẹ bá ẹnì kan lórúkọ jẹ́, ẹ ti oníbàárà mọ́lé nítorí ẹ fura pé ó jalè, ẹ lo àwòrán onífótò nínú ìpolówó yín láìgbàṣẹ. Coverage C ni owó ìtọ́jú kékeré, tí wọ́n ń san láìwádìí ẹni tó jẹ̀bi. $5,000 fún ẹnì kan ló wọ́pọ̀, àárín ọdún kan sí ọjọ́ ìjàǹbá ni kí wọ́n ti ná owó ọ̀hún kí wọ́n sì ti fi tó ilé-iṣẹ́ létí.

Lọ́yà ni ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí nínú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́ lórí ohun tó lè bọ́ sínú ìwé náà, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló máa gba lọ́yà fún yín, kódà bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ irọ́ pọ́nńbélé. Nínú fọ́ọ̀mù ISO, wọn kì í yọ owó lọ́yà kúrò nínú iye tí ẹ rà, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń san án. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù kí ẹ wá jẹ́rìí, wọ́n tún lè dá owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù padà, tó $250 lójúmọ́. Ẹjọ́ téèyàn jàre pàápàá ń jẹ owó lọ́yà, nítorí náà, fún oníṣòwò kékeré, lójú tiwa, lọ́yà yìí ló tóbi jù nínú ohun tí ẹ ń rà.

Kí ni ìtumọ̀ $1,000,000 àti $2,000,000 tó wà lójú ìwé?

Mílíọ̀nù kan ni òpin ohun tí wọ́n máa san lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, bó ti wù kí àwọn tó farapa pọ̀ tó. Mílíọ̀nù méjì ni òpin fún gbogbo ọdún. Ẹ wo ìlà tó kù náà dáadáa. Èyí tó jẹ́ ti ilé tí ẹ yá sábà máa ń jẹ́ $100,000. Èyí tí wọ́n kọ "products-completed operations" sí ní òpin tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìlà yìí sì ni alásè gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́.

Ìdí ni pé oúnjẹ tí ẹ sè tó sì pa èèyàn lára ní ibi tí kì í ṣe ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù yín, abẹ́ "products" ni wọ́n ń kà á sí. Bí wọ́n bá kọ "excluded" síwájú ìlà yẹn, a jẹ́ pé alásè tó ń gbé oúnjẹ lọ sí gbọ̀ngàn ti ra ìwé tí kò bo ewu tó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù, òun ló ń fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra.

Mo ti forúkọ LLC sílẹ̀. Ṣé mo ṣì nílò GL?

Bẹ́ẹ̀ ni. LLC, irú ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín, ń ya gbèsè ilé-iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára dúkìá yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ló da omi gbígbóná sí oníbàárà lára, wọ́n lè pe ẹ̀yin àti LLC pọ̀ lẹ́jọ́. LLC kì í gba lọ́yà fúnni, kì í sì í san owó ọsibítù.

Ẹ rí i dájú pé orúkọ tó wà lójú ìwé inṣọ́ránsì bá orúkọ tí ẹ fi ń ṣòwò mu. Bó bá jẹ́ orúkọ ara yín ló wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé LLC ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú onígbọ̀ngàn, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì gbára lé inṣọ́ránsì ilé nítorí pé ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló yọ ọ̀rọ̀ òwò kúrò.

Àwọn nǹkan wo ni GL kì í sanwó fún?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó gba àkókò yín jù, torí ohun tí wọ́n yọ kúrò ló ń sọ irú inṣọ́ránsì mìíràn tí ẹ nílò.

Òṣìṣẹ́ yín tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Workers' compensation ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ ló sọ ọ́ di dandan. Texas fi í sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti yàn, àmọ́ ẹni tí kò bá ra á tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì pè é lẹ́jọ́ kò ní lè fi àìṣọ́ra òṣìṣẹ́ náà gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó wá bá yín bu oúnjẹ lálẹ́ Sátidé, tí ẹ fún ní $120, lè jẹ́ òṣìṣẹ́ lójú òfin. Pé ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù 1099 (ìwé owó orí ti ẹni tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe) nìkan kò yí ìyẹn padà.

Mọ́tò kò sí nínú rẹ̀, títí kan gbígbé ẹrù sínú ọkọ̀ àti sísọ ọ́ kalẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yín bá fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé oúnjẹ lọ tó sì kọlu ẹnì kan, wọ́n lè pe ẹ̀yin náà lẹ́jọ́. "Hired and non-owned auto" lorúkọ ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì.

Dúkìá ẹlòmíràn tó wà ní ìkáwọ́ yín kò sí nínú rẹ̀. Kí ẹ̀yin aránṣọ fetí sí èyí gidi. Oníbàárà gbé léèsì wá, áyọ́ọ̀nù jó o ní àyà. Léèsì náà wà lọ́wọ́ yín nígbà tó bàjẹ́, nítorí náà GL á ní kò kan òun. Bákan náà ni ti alágbàfọ̀ àti ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Inṣọ́ránsì tó wà fún un ni "bailee", wọ́n sì lè so ó mọ́ ìwé inṣọ́ránsì dúkìá yín.

Iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Kéèkì wó kí ìyàwó àti ọkọ tó gé e, ẹ ní láti dá owó padà: ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kéèkì ọ̀hún bá wó lu ọmọ kan tó dúró nítòsí, ìfarapa ọmọ náà wà nínú GL. Ìyàtọ̀ yìí kan káfíńtà àti oníṣẹ́ omi náà. Wọn kò ní sanwó páìpù tí ẹ so tí kò dáa, àmọ́ wọ́n lè sanwó fún ilẹ̀ onílé tí omi páìpù náà bàjẹ́.

Àṣìṣe iṣẹ́ ìmọ̀ náà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó, ẹni tó ń bá èèyàn ṣe owó orí, ẹni tó ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, professional liability ni wọ́n nílò pẹ̀lú GL. Fún ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú, a gbà yín níyànjú láti béèrè ní tààràtà bóyá ẹ̀sùn ìfìyàjẹni àti ìbálòpọ̀ tipátipá wà nínú ìwé, nítorí wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò. Àwọn onígbọ̀ngàn àti oníláúǹjì ní láti wá ewé tí wọ́n kọ "assault and battery" sí. Bó bá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n yọ, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láago méjì òru kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni àyàfi ẹ̀yin.

Bí wọ́n bá ń mu ọtí níbi ìnáwó tí mo sè fún ńkọ́?

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń tà á, tàbí pé gbígbé ọtí fún èèyàn wà lára òwò yín, GL yọ ọ́ kúrò. Liquor liability ni kí ẹ rà. Bí olóde fúnra rẹ̀ bá ra bíà tó gbé e wá sí gbọ̀ngàn yín, fọ́ọ̀mù ISO láti 2013 sọ pé jíjẹ́ kí wọ́n gbé ọtí wọlé wá mu nìkan kò sọ onígbọ̀ngàn di ọlọ́tí, yálà ó gbowó lórí rẹ̀ tàbí kò gbà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ yín bá dúró sídìí báà tí wọ́n ń dà á fún àlejò, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ yanjú rẹ̀ nínú ìwé àdéhùn kí ọjọ́ tó pé: ta ló máa da ọtí fún àlejò?

Mo yá gbọ̀ngàn fún ọjọ́ kan, a sì ba ibẹ̀ jẹ́. Ṣé GL á san án?

Ó ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ sì rèé. Lápapọ̀, GL kì í sanwó fún bíba ilé tí ẹ yá jẹ́, àyàfi tó bá jẹ́ iná. Àmọ́ fọ́ọ̀mù náà fi àyè sílẹ̀ fún ilé tí ẹ yá fún ọjọ́ méje tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀: bíbàjẹ́ ilé náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ òpin $100,000 tí a mẹ́nu bà lókè. Ògiri tí férémù òdòdó ha, kápẹ́ẹ̀tì tí ọbẹ̀ dà sí, wọ́n lè bọ́ síbẹ̀. Kíyè sí i pé ẹni tó *yá* gbọ̀ngàn ni àyè yìí wà fún. Bó bá jẹ́ pé olóde ló yá a, tí ẹ̀yin kàn wá ṣe ọ̀ṣọ́, Coverage A ni wọ́n á fi wò ó, wọ́n á sì wò ó bóyá ibi tó bàjẹ́ gan-an ni ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí nígbà náà.

Onídìrí ni mí. Kí ni mo gbọ́dọ̀ béèrè?

Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ yín wà nínú ìwé, kó má jẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nìkan. Oníbàárà tó fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà díráyà, GL lásán bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí irun dídì bá parí tí ẹ fẹ́ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi gbígbóná kó má baà tú. Omi náà ta sí oníbàárà léjìká tàbí lẹ́yìn, ó bó. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tà fún sàlúùnù ló yọ iṣẹ́ ara àti irun kúrò àyàfi tí wọ́n bá fi professional liability kún un. Bákan náà ni rìláṣà tó jó awọ orí, àti irun tó já níwájú orí nítorí pé wọ́n dì í le jù. Ẹ sì sọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Bí ẹ bá tún ń lẹ ìpéǹpéjú fún èèyàn yàtọ̀ sí irun dídì, tí ìwé sì mọ irun nìkan, ojú oníbàárà tó wú kò ní lówó níbẹ̀.

Mo ń kó ẹja gbígbẹ, epo pupa àti ọṣẹ dúdú wọlé láti Nàìjíríà. Ṣé ẹni tó ṣe é kọ́ ni wọ́n máa bi?

Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi, nítorí ẹ̀yin ni ọwọ́ kóòtù tó. Ní Texas, fún àpẹẹrẹ, òfin ń gbèjà ẹni tó kàn ń ta ọjà tí kì í ṣe òun ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ààbò yẹn ṣí kúrò bí ẹni tó ṣe ọjà náà kò bá sí lábẹ́ àṣẹ kóòtù tàbí bí kò bá lówó láti san. Aláte tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kò ní wá jẹ́jọ́ ní Houston.

Nítorí náà ẹ sọ fún éjẹ́ǹtì ní kedere pé ẹ ń kó ọjà wọlé fúnra yín, ẹ kò kàn ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà lápapọ̀ ní Amẹ́ríkà. Iye rẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ń pín epo sínú ike kékeré tí ẹ ń lẹ orúkọ yín mọ́ ọn, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú ìwé gbogbo ẹrù tó wọlé, kí ẹ lè sọ inú ẹrù wo ni ike kan ti jáde.

Àwọn ẹ̀rí wo ló ń ran alásè lọ́wọ́ bí wọ́n bá ní oúnjẹ rẹ̀ ló mú àwọn ṣàìsàn?

Ìwé tí ẹ kọ ooru oúnjẹ sí. Ìlànà FDA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn) ni pé kí oúnjẹ gbígbóná wà ní 135°F ó kéré tán, kí tútù má ju 41°F lọ. Oúnjẹ tí ẹ sè sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù láti 135°F dé 70°F láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 41°F kí wákàtí mẹ́fà tó pé látìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì ló ń dá èèyàn lẹ́bi jù níbí. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè lálẹ́ Fúráìdé, tí wọ́n rọ gbóná gbóná sínú kúlà ńlá tí wọ́n dé e pa, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lówùúrọ̀. Kòkòrò Bacillus cereus ń yé nínú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, oró tó ń tú síbẹ̀ kì í sì í kú bí wọ́n bá tún un gbé kaná. Ẹ tẹ́ ìrẹsì sínú páànù pẹlẹbẹ, ẹ fi tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ dán an wò, ẹ kọ wákàtí àti iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì bu díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ gbé e sínú fíríṣà. Bí lọ́yà tí ilé-iṣẹ́ gbà fún yín bá ní ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́, ó rí ohun jà.

Onígbọ̀ngàn ní kí n mú COI (certificate of insurance) wá, kí n sì fi òun ṣe additional insured. Ṣé ohun kan náà ni?

Rárá o. COI jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo, ACORD 25, tó ń sọ irú inṣọ́ránsì tí ẹ ní àti ọjọ́ tó máa parí. Òkè rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìfitónilétí lásán ni, kò fún ẹni tó gbà á ní ẹ̀tọ́ kankan. Additional insured ni pé wọ́n kọ orúkọ onígbọ̀ngàn mọ́ ìwé inṣọ́ránsì yín gan-an, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́ nítorí iṣẹ́ yín, inṣọ́ránsì yín á gbèjà òun náà. Ewé àfikún ló ń ṣe ìyẹn: CG 20 26 wọ́pọ̀ fún ìnáwó, CG 20 11 fún onílé tí ẹ yá ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Fún àwọn kọ́ńtírákítọ̀, CG 20 10 ni ti ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ, CG 20 37 ni ti ìgbà tó bá parí, méjèèjì ni ọ̀gá iṣẹ́ sì sábà máa ń fẹ́.

Ẹ gba orúkọ onígbọ̀ngàn bó ṣe wà lábẹ́ òfin, àdírẹ́sì rẹ̀, àti ojú ewé àdéhùn tó sọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì nígbà tó ṣì ku ọjọ́ díẹ̀. Bó bá tún béèrè "waiver of subrogation" (pé inṣọ́ránsì yín kò ní padà wá owó tó san lọ́wọ́ òun) tàbí "primary and noncontributory" (pé inṣọ́ránsì yín ló máa kọ́kọ́ san, láìní kí tòun dá sí i), ẹ má kàn kọ ọ́ sórí COI, ewé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá fi kọ̀ǹpútà yí déètì COI àtijọ́ padà, jìbìtì ló ṣe, òfin sì lè mú un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó rẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n tún fi bíìlì ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ọdún parí?

Irú iṣẹ́ yín ló ń sọ iye tí wọ́n máa gbà lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan. Fún ẹlòmíràn, owó ọjà tí ẹ tà ni wọ́n ń wò, fún àwọn kọ́ńtírákítọ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni, fún onílé, fífẹ̀ ilé. Ká ní $4 ni wọ́n ń gbà lórí $1,000 ọjà, tí ẹ sọ pé ẹ máa tà tó $90,000: $360 ni, bí iye tó kéré jù tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún, wọ́n á ní kí ẹ kó ìwé wá. Bó bá jẹ́ $150,000 lẹ tà, $600 ló yẹ kí ẹ san, a jẹ́ pé $240 ṣì kù. Audit ni wọ́n ń pè é. Wọ́n lè ṣe é títí di ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé parí. Ẹni tí kò bá dá wọn lóhùn, wọ́n lè fi iye tó wù wọ́n bu owó fún un, kí wọ́n sì kọ̀ láti tún ìwé rẹ̀ ṣe.

Ohun tó ń bá àwọn kọ́ńtírákítọ̀ lójijì ni owó tí wọ́n san fún àwọn tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Bí ẹni náà kò bá ní inṣọ́ránsì tirẹ̀, wọ́n á ka owó rẹ̀ mọ́ tiyín. Ẹ gba COI lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà audit.

Mo rí èyí tó rọjú gan-an. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sórí ìkànnì ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó inṣọ́ránsì ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ wò ó bóyá éjẹ́ǹtì àti ilé-iṣẹ́ náà ní láísẹ́ǹsì. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ surplus lines (èyí tí kò ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ yín, àmọ́ tí òfin gbà kó ta inṣọ́ránsì níbẹ̀) kì í ṣe jìbìtì, àwọn ni wọ́n ń gba iṣẹ́ tí àwọn yòókù sá fún. Ṣùgbọ́n bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wó, àpò ìdúróṣinṣin ìjọba ìpínlẹ̀ kì í bá a san gbèsè. Ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n mú 25% owó náà kódà bí ẹ bá fagi lé e lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi gbogbo ewé àfikún ránṣẹ́, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "classification limitation" sí. Òun ló ń sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ lójú ìwé nìkan ni àwọn máa sanwó fún. Ẹni tó kọ "ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn", tó sì tún ń yá àga, kánópì àti bouncy castle fún èèyàn, ti wà nínú ewu. Wọ́n dá iye kékeré fún un nítorí pé wọn kò mọ̀ nípa bouncy castle. Ẹ sọ òtítọ́ iṣẹ́ yín, bó tilẹ̀ máa gbé iye sókè.

Jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ tọ́jú ẹni tó farapa ná. Bó bá le, ẹ pe 911. Fọ́ọ̀mù náà gbà kí ẹ ná owó ìtọ́jú àkọ́kọ́ láìkọ́kọ́ béèrè.

Bí a ṣe tọ́ wa ni pé kéèyàn bẹ̀bẹ̀ kó sì fi owó tu ẹni tó ṣẹ̀ lójú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu" kò burú. Èyí tó lè kó bá yín ni "Èmi ni mo jẹ̀bi, gbogbo owó ọsibítù, èmi ni mo máa san án." Ìwé inṣọ́ránsì sọ pé owó tí ẹ bá fínnúfíndọ̀ san, tàbí tí ẹ ṣèlérí láìgbàṣẹ ilé-iṣẹ́, àpò ara yín ni yóò ti jáde.

Ẹ ya fọ́tò ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó nu ilẹ̀: omi náà, iná yàrá, bàtà tó wọ̀, rọ́bà gáàsì tó jò. Ẹ gba orúkọ àti fóònù àwọn tó rí i. Bí kámẹ́rà bá wà, ẹ ní kí onígbọ̀ngàn tọ́jú fídíò lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀rọ náà máa ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Àga tó ṣẹ́, ẹ má jù ú nù.

Kí ẹ tó sùn, tàbí lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ̀wé sí éjẹ́ǹtì àti ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì: ọjọ́, wákàtí, ibi, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pẹjọ́. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ní Texas, aago 10 àárọ̀ Mọ́ńdè tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ìgbà tí ọjọ́ 20 bá pé lẹ́yìn tí wọ́n fún yín níwèé ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ wọlé. Georgia fúnni ní ọjọ́ 30. Ẹni tí kò bá dáhùn, kóòtù lè dá a lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Wọ́n lè kọ lẹ́tà "reservation of rights" sí yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n á gbèjà yín báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè sọ pé apá kan ẹ̀sùn náà kò sí nínú ìwé. Ẹ kà á, ẹ sì gbé e lọ fún lọ́yà tiyín bí owó tí wọ́n ń béèrè bá pọ̀.

Ọmọ ìyá wa ló ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò lè pè mí lẹ́jọ́. Ṣé kí n ṣì fi tó wọn létí?

Ẹ fi tó wọn létí. Ó lè má fẹ́ ẹjọ́ lóòótọ́. Inṣọ́ránsì ìlera tó sanwó ọsibítù rẹ̀ ń kọ́? Wọ́n sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ láti wá owó wọn lọ́wọ́ ẹni tó fa ìfarapa náà, Medicare (inṣọ́ránsì ìlera ìjọba) pẹ̀lú. Àkókò tó gùn sì ṣí sílẹ̀ fún un láti yí ọkàn padà: ọdún méjì ní Texas àti Georgia, mẹ́ta ní Maryland. Coverage C wúlò gan-an níbí, torí ó lè sanwó X-ray tàbí oníṣègùn rẹ̀ láìsí ìjà rárá.

Ṣé GL tí mo rà ní Amẹ́ríkà bò mí ní Nàìjíríà?

Ó bò yín díẹ̀. Amẹ́ríkà, Puerto Rico àti Kánádà ni ilẹ̀ tí ìwé náà mọ̀. Ó tún lè bo ìpalára níbòmíràn bó bá jẹ́ ọjà tí ẹ tà níbí ló fà á, tàbí bí ẹni tó ń gbé níbí bá rìnrìn àjò kúkúrú lọ ṣiṣẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kóòtù ilẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pe ẹjọ́ náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pè ní Ìkẹjà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, kó ra public liability ní Nàìjíríà.

Mo fẹ́ pa òwò náà tì. Ṣé kí n dá GL dúró lọ́jọ́ tí mo bá ti ilẹ̀kùn?

Èyí dá lórí ohun tí ẹ tà. Ọ̀pọ̀ GL jẹ́ "occurrence": ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìfarapa náà ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé ṣì ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pẹjọ́. Nítorí náà ẹ má sun àwọn ìwé àtijọ́. Bó bá jẹ́ "claims-made" ni tiyín, ìgbà tí wọ́n mú ẹ̀sùn wá ni wọ́n ń wò, ẹ sì ní láti béèrè àfikún àkókò kí ó tó parí.

Onídìrí tó ti ilẹ̀kùn kò fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń ta ìpara òrí, àdín tàbí ata gúngún nínú ike yàtọ̀, torí ọjà náà ṣì wà ní ilé àwọn èèyàn. Bí ìpara náà bá bó ẹnì kan lójú lóṣù kẹta lẹ́yìn tí ìwé parí, ìfarapa náà kò bọ́ sínú ọdún tí ẹ san owó fún. "Discontinued products" ni kí ẹ ní kí éjẹ́ǹtì wá fún yín, kí ẹ sì ṣírò iye ọdún tí ẹ máa rà á sí ìgbà tí ike tó kẹ́yìn máa gbé kó tó bàjẹ́.